Ẹ Má Tíì Fi Oníyẹ́ Títẹ́ Yẹn Se Ọbẹ̀: Sísin Adìyẹ Aṣa fún Ìdíje

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kent ní England ni mo ń gbé, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń sin adìyẹ aṣa, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Frizzle. Ìyẹ́ àkùkọ mi yí sókè dáadáa, ti àgbébọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ tí wọ́n pa, àwọn kan rí bí adìyẹ lásán, àwọn míì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò. Mo fẹ́ mú díẹ̀ lọ síbi ìdíje lọ́dún tó ń bọ̀. Níbo ni mo ti ṣì í, báwo ni màá sì ṣe mọ èyí tó yẹ kí n mú?

Ìdáhùn: Adìyẹ yín ò ṣàìsàn, ẹni tó tà wọ́n fún yín ò sì rẹ́ yín jẹ. Bí wọ́n ṣe máa ń bí nìyẹn tí aṣa bá gun aṣa. Jíìnì, ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tó ń mú ìyẹ́ yí, ẹyọ kan ló wà lára àkùkọ yín, ẹyọ kan ló wà lára àgbébọ̀. Ọmọ tó bá gba ẹyọ kan, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ bàbá tàbí lọ́dọ̀ ìyá, aṣa gidi ni. Èyí tí kò gba ìkankan, ìyẹ́ rẹ̀ á tẹ́ bíi ti adìyẹ lásán. Èyí tó gba méjèèjì ni ìyẹ́ rẹ̀ ń ká ju bó ṣe yẹ lọ, tó ń tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń ṣẹ́, títí awọ fi máa hàn. Nínú ọmọ 12, ẹ retí aṣa bíi 6, oníyẹ́ títẹ́ 3, oníhòòhò 3, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò yìí kì í sábà bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Àwọn oníhòòhò ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ooru kì í dúró lára wọn, oúnjẹ ni wọ́n fi ń wá a, òtútù oṣù Kejìlá níbẹ̀ yẹn sì le jù fún wọn níta. Ẹ má fi wọ́n bímọ. Nílé, ooru wa bá aṣa lára mu, torí afẹ́fẹ́ ń ráyè kan ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń wá a lọ́jà, ètùtù ló sábà fẹ́ fi ṣe, kò kàn án bí egungun àyà rẹ̀ ṣe rí. Ó kan adájọ́ ìdíje.

Ọ̀rọ̀ mi gan-an rèé: àwọn oníyẹ́ títẹ́ tí ẹ kà sí adìyẹ lásán ni ẹ nílò jù. Ẹ fi aṣa àti oníyẹ́ títẹ́ ṣe tọkọtaya, ìdajì ọmọ á jẹ́ aṣa, ìdajì tó kù á tẹ́, kò sì ní sí oníhòòhò kankan. Nínú àwọn oníyẹ́ títẹ́, ẹ mú èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀, tí ara rẹ̀ dúró dáadáa. Wọn ò ní fún òun fúnra rẹ̀ ní ẹ̀bùn láàárín àwọn aṣa, àmọ́ ọmọ rẹ̀ lè gbà á. Tí ẹ bá pààrọ̀ àkùkọ, ẹ dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó kó ẹyin tí ẹ máa pa, nítorí àtọ̀ ti tẹ́lẹ̀ ṣì lè wà nínú àgbébọ̀.

Ní ti ṣíṣà, ìyẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń sáré wò. Èmi máa ń fi í sígbẹ̀yìn. Ẹ gbé adìyẹ lé ọwọ́ òsì, kí àyà rẹ̀ sùn lé àtẹ́lẹwọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láàárín ìka yín. Ẹ fi àtàǹpàkò ọ̀tún tọ egungun àyà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tó bá wọ́ bí ejò, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pá ìsùn, ìyẹn ọ̀pá tó ń bà lé sùn, ló fà á, ṣùgbọ́n adájọ́ ò ní béèrè ìdí. Ẹ wo ọmọ ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá wọ́n gún, kí ẹnu òkè àti ti ìsàlẹ̀ pàdé, kí ogbe dúró ṣánṣán láìsí pé nǹkan míì hù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá gbé e sílẹ̀, kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀: ìrù tó ń tẹ̀ sí apá kan, àbùkù tí ọmọ ń jogún ni. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó wo bóyá ìyẹ́ yí síhà orí, bóyá apá ọ̀tún àti tòsì dọ́gba.

Alábùkù ara, ẹ lè yọ ọ́ kúrò láti kékeré. Ìyẹ́ ní tirẹ̀, ẹ má dájọ́ rẹ̀ kó tó pé nǹkan bí oṣù márùn-ún, torí ìyẹ́ òròmọdìyẹ á re, òmíràn á hù, aṣa tó wúni lórí lọ́sẹ̀ kẹjọ lè di yẹpẹrẹ.

Èyí tí ẹ bá mú, ẹ yà á kúrò lọ́dọ̀ àkùkọ, nítorí tí àkùkọ bá ń gùn ún, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ṣẹ́. Kí ọ̀pá ìsùn rẹ̀ má ga, torí aṣa ò lè fò dáadáa, kí òjò má sì pa á. Ẹ má gé ìyẹ́, ẹ má kùn ún ní aró. Wọ́n á lé yín dànù níbi ìdíje. Ọ̀rọ̀ ìwé náà wà níbẹ̀: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2024, ẹnikẹ́ni tó ń sin adìyẹ ní England, bó ṣe ẹyọ kan, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Kí ẹ tó sanwó ìdíje, ẹ béèrè bóyá àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu ti mú kí wọ́n fòfin de kíkó ẹyẹ jọ lágbègbè yín.