Kọ́ìnì fàdákà ti pàwọ̀ dà: ṣé kí n fọ̀ ọ́ kí n tó tà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Rélùweè ni bàbá àgbà wa bá ṣiṣẹ́ ní Zaria. Nínú ẹrù wọn la ti rí kọ́ìnì ńlá kan tí wọ́n fi ṣe ìrántí ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò lórí ìtẹ́. 1935 ni wọ́n kọ sí i. Inú àpò-ìwé ló wà látọjọ́ yìí, etí rẹ̀ sì ti di àwọ̀ aró àti àlùkò. Ẹnì kan tó ń ra góòlù ní Wuse ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ kí òun tó dá iye lé e. Ṣé kí n fọ̀ ọ́? Ọmọ Ọ̀fà, Kubwa.

Ìdáhùn: Ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ẹ má tilẹ̀ fi aṣọ nù ún. Ẹni tó ń ra góòlù, ìwọ̀n ló ń rà. Ó dán, kò dán, yíyọ́ ni yóò yọ́ ọ. Kọ́ìnì yín wọn gíráàmù 28 àti díẹ̀, ìdajì rẹ̀ péré sì ni fàdákà, nítorí láti 1920 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dín fàdákà inú owó wọn kù láti 92.5 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó fàdákà gíráàmù 14 ni yóò san. Ojú ni ẹni tó ń kó kọ́ìnì jọ fi ń rà ní tirẹ̀.

Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ àti inú bébà ló mú fàdákà náà, tó sì bo ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìbòrí ọ̀hún tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ ń fọ́ sí oríṣiríṣi àwọ̀ lára rẹ̀, bí epo dísù tó dà sórí omi òjò. Bó ṣe ń nípọn sí i ló ń yí: ìyeyè, pupa rẹ́súrẹ́sú, àlùkò, aró. Tó bá pẹ́ jù, ó di dúdú, ìyẹn ò sì wu ẹnikẹ́ni. Páálí tí wọ́n fi ń fi kọ́ìnì ìrántí ránṣẹ́ ní Amẹ́ríkà láyé 1930 sí 1939 ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ibi tí páálí bò yàtọ̀ sí ibi tó ṣí sílẹ̀, àwọn kan sì ń du irú wọn lónìí.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àwọ̀ ló ń lé owó sókè. Ẹ wo irun àti irùngbọ̀n ọba. Bí wọ́n bá ti jẹ torí níná, àwọ̀ kò lè gba kọ́ìnì náà là. Bí wọ́n ṣì mú ṣáṣá, tí dídán fàdákà sì ń yọ lábẹ́ àwọ̀, ọ̀rọ̀ di méjì. Iléeṣẹ́ NGC ní Amẹ́ríkà, tó ń yẹ kọ́ìnì wò tó sì ń fún un ní nọ́ńbà ipò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe dára tó, máa ń fi àmì ìràwọ̀ sí èyí tó bá rẹwà kọjá ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ayédèrú àwọ̀ náà wà. Àwọn kan ń fi iná tàbí kẹ́míkà pa kọ́ìnì láró. Àwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tẹ̀lé ètò tí mo kà sílẹ̀ yẹn. Ó lè fò láti ìyeyè bọ́ sí aró gbàrà, tàbí kó bo ibi tó ti ha àti ibi tó ti jẹ. Bí PCGS, iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, bá fura, wọn kò ní fún un ní nọ́ńbà ipò kankan.

Tèmi ni pé kí ẹ má retí owó ilé. Kọ́ìnì 1935 yìí kò ṣọ̀wọ́n, owó tí ẹ ó fi gbé e lọ fún àyẹ̀wò lókè òkun sì lè ju iye rẹ̀ lọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójúmọmọ, kí ẹ rọra dà á sọ́tùn-ún sósì kí àwọ̀ lè yọ, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, kí ẹ fi han olùkójọ bíi méjì mẹ́ta kí ẹ tó gbà fún ẹnikẹ́ni.

Etí ni kí ẹ máa fi ọwọ́ dì í mú. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpò-ìwé yẹn, torí àwọ̀ tó dára lónìí lè di dúdú lọ́la. Ẹ má fi rọ́bà dè é, imí ọjọ́ wà nínú òun náà. Ẹ má sì kó o sínú ọ̀rá PVC tó máa ń rùn bí ike tuntun. Oje aláwọ̀ ewé ló máa ń sun sára kọ́ìnì. Ike líle tí wọ́n ṣe fún kọ́ìnì ló dára. Ọyẹ́ Àbújá kò ní í lára púpọ̀, ìgbà òjò ni kí ẹ ṣọ́ra fún.