Ìdí Tí Irúgbìn Morning Glory Yín Kò Fi Hù

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wà ní Ìkòròdú bèèrè ìdí tí irúgbìn morning glory, ìtàkùn olódòdó tó máa ń tanná ní àárọ̀, tí wọ́n gbìn lẹ́ẹ̀mejì kò fi hù, wọ́n sì ń fura pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Ẹ má tíì dá ẹni tó tà á lẹ́bi, nítorí ohun kan náà ṣe mí ní Badagry níbí.

Ní ọdún àkọ́kọ́, mo kàn ri irúgbìn náà mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí n kò rí nǹkan kan, mo tú ilẹ̀ wò, mo sì bá àwọn kan tí wọ́n ṣì le bí òkúta, nígbà tí òjò oṣù kẹfà ti mú àwọn yòókù jẹrà. Èèpo rẹ̀ ló le tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í tètè ráyè wọlé. Nísinsìnyí, irin tí a fi ń gé èékánná ni mo fi ń gé èèpo náà bíńtín ní òdìkejì ojú irúgbìn, títí ara funfun inú rẹ̀ yóò fi ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, lẹ́yìn náà ni n óò rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú ni mo máa ń gbìn. Èyí tí kò bá wú, n óò tún èèpo rẹ̀ gé díẹ̀ sí i. Sẹ̀ǹtímítà 1 péré ni mo ń ri í mọ́lẹ̀, tèmi a sì máa yọrí ní nǹkan bí ọjọ́ kẹfà.

Ibi tí ẹ bá fẹ́ kó dàgbà sí gan-an ni kí ẹ gbìn ín sí, níbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò fẹ́ kí a ṣí i nípò. Àwọn tí mo kọ́kọ́ gbìn sínú ọ̀rá kú lẹ́yìn tí mo ṣí wọn.

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ló dùn mí jù lọ. Mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, ìtàkùn náà sì bo gbogbo ọgbà, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́rin, n kò rí òdòdó kan ṣoṣo. Náítírójìn, èròjà inú ìgbẹ́ náà, tó pọ̀ jù ló fà á, nítorí ewé ló máa ń mú jáde. Ó yẹ kí n ti fura, torí ìbátan ọ̀dùnkún ni, irú rẹ̀ kan sì ń fà lórí iyanrìn etí òkun wa níbí, tó ń tanná láìsí ẹni tó fún un ní ajílẹ̀ kankan. Nígbà tí mo gbìn ín sínú ilẹ̀ oníyanrìn lásán, tí mo ta okùn fún un láti gùn, Heavenly Blue, irú morning glory aláwọ̀ búlúù tí mo gbìn, tanná ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, ó rí bí àyìnrín tí aláró ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, mo sì dúró tì í títí tó fi pa ojú dé ní ọ̀sán.

Bí ẹ bá fẹ́ fi irúgbìn pamọ́, ẹ ká èso rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ, kó tó là dà sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ kò lè tó, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀.