Dùndún, tẹ̀tẹ̀ àti owó lọ́tìrì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin mẹ́rin ni wá ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo Sátidé la ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùndún àti orin Yorùbá nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. A fẹ́ ra ìlù sí i, a sì fẹ́ gba ilẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè máa gbin tẹ̀tẹ̀ nígbà ooru. Wọ́n ní àwọn lọ́tìrì ń fún ẹgbẹ́ lówó. Àkáǹtì tèmi la fi ń gba owó títí di ìsinsìnyí. Ṣé wọ́n á fún wa?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. National Lottery Awards for All ni wọ́n ń sọ fún yín, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń yọ nínú owó lọ́tìrì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ẹgbẹ́. Láti £300 dé £20,000 ni wọ́n ń fúnni, fún iṣẹ́ tí kò ju ọdún méjì lọ. Kì í ṣe ẹ̀yáwó. Ìlù àti ọgbà lè jọ wà nínú fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo.

Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe wà yìí, wọn ò ní fún yín. Àkáǹtì yẹn ló máa dá yín dúró. Orúkọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì, bó ṣe wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ gẹ́lẹ́, kí ó kéré tán èèyàn méjì tí kò bára tan sì máa bójú tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìgbìmọ̀. Ibí yìí ni ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ti ń kọsẹ̀ jù: ọkọ ni alága, ìyàwó ni akọ̀wé, àbúrò ìyàwó ni akápò. Lójú tiwa, àwọn tó ṣeé fọkàn tán ni wọ́n. Lójú àwọn lọ́tìrì, agbo ilé kan ni. Àwọn tó jọ ń gbé ilé kan náà kò yàtọ̀.

Ìwé òfin ò ní ju ojú ewé méjì lọ: orúkọ ẹgbẹ́, ohun tó wà fún, bí ẹ ṣe ń pinnu nǹkan, ibi tí owó tó bá ṣẹ́ kù ń lọ bí ẹgbẹ́ bá tú ká. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ gbé e lọ sí báńkì láti ṣí àkáǹtì ẹgbẹ́ kí ẹ tó ṣí fọ́ọ̀mù rárá, torí báńkì kì í yára. Ẹ kọ ìlànà ààbò àwọn ọmọdé náà.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kò burú. Ìwàásù àti ìjọsìn ni wọn kì í sanwó fún, nítorí náà ẹ ṣa orin yín, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ẹ má tíì ra ìlù kankan o. Wọn kì í san owó ohun tí ẹ ti ná.

Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ fi ìtàn Odùduwà sílẹ̀. Ọmọ mélòó, Sátidé mélòó, èló lowó olùkọ́ ìlù? (Ẹ má ṣe gbàgbé olùkọ́ torí pé ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é báyìí.) Kí sì làwọn òbí ládùúgbò sọ pé àwọn fẹ́?

Ní ti ilẹ̀, èèyàn lè tò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí káńsù tó fún un ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kọ́kọ́ bẹ ilé ìwé tàbí ọgbà àdúgbò kan fún igun kékeré. Tẹ̀tẹ̀ á hù. Àwọn ará Jàmáíkà ti ń gbìn ín níbẹ̀ tipẹ́, callaloo ni wọ́n ń pè é. Ewédú ni kì í fẹ́ hù dáadáa nínú òtútù.

Ọ̀kan ṣì kù. Bí ẹnì kan nínú yín ò bá fẹ́ kí ẹ fi owó tẹ́tẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀, torí ẹ̀sìn rẹ̀, kó sọ ọ́ báyìí, kí ẹ tó lọ sí báńkì.