Ó fẹ́ mi, ṣùgbọ́n amọ̀ ọwọ́ ìyá mi ń tì í lójú

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlọrin, ẹni ọdún 28 ni mí. Òkelele ni ilé wa. Àwọn ìyá mi ń mọ ìkòkò ní Dàda, owó ìkòkò náà ló rán mi dé yunifásítì. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba wá bá mi pé òun fẹ́ fi mí ṣaya. Ó ní òun ti bá ọkàn òun jà títí, torí ilé wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ilé àwọn, pé àwọn ẹbí òun á ní ọmọ ẹni tí amọ̀ kún ọwọ́ rẹ̀ lòun rí mú wálé, ṣùgbọ́n ìfẹ́ mi kò jẹ́ kí òun rí oorun sùn. Mo lé e jáde. Mo tún sọ sí i lójú pé mo ti gbọ́ bó ṣe já ọmọbìnrin kan jù sílẹ̀ lẹ́yìn ìdána. Lọ́jọ́ kejì ó fi ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́ lórí Wàsáápù, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà, mi ò fèsì. Ní báyìí, èmi àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ka *Pride and Prejudice*. Àwọn ọmọ ń bú Darcy, èmi ni mò ń gbèjà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọkùnrin yẹn sọ fún mi pé ó ṣì ń béèrè mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n má fi ìwé kíkà ba ayé ara mi jẹ́, kí n tètè gbà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọkùnrin agbéraga lè yí padà lóòótọ́, àbí inú ìwé nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀?
Ọmọ Amọ̀kòkò, Òkelele

Ọmọ Amọ̀kòkò, ọmọ mi, mo rí lẹ́tà rẹ. Bá mi kí àwọn ìyá rẹ. Sọ fún wọn pé àmù Dàda kan wà nílé mi tó ti pẹ́ láyé ju àkọ́bí mi lọ, omi inú rẹ̀ sì ń tutù títí dòní.

Lílé tí o lé ọkùnrin yẹn jáde, o ò ṣàṣejù. Pé ó rí i pé ilé yín àti ilé wọn kò dọ́gba kọ́ ni mo bá wí. Ní Ìlọrin níbí, ta ni kì í wádìí ilé tí ọmọ ti wá kí wọ́n tó so yìgì? Ibi tó ti sọ ọ́ àti ìgbà tó sọ ọ́ ni mo dì mú. Ẹni tó wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ ló tún ń ka àbùkù ìyá tó bí ọ fún ọ, bí ẹni tó ń ṣe ọ́ lóore.

O mọ ìwé náà jù mí lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ka èsì yìí kọ́ ló ti kà á, jẹ́ kí n là á sílẹ̀ díẹ̀. Ọdún 1813 ni ìwé Jane Austen yìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin márùn-ún ni baba Elizabeth Bennet bí, kò bí ọkùnrin, ètò ogún ilé wọn sì ti sọ pé bí baba bá kú, ìbátan wọn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Collins ni yóò kó ilé àti ilẹ̀. Darcy ní tirẹ̀, £10,000 ló ń wọlé fún un lọ́dún, ọlọ́rọ̀ gidi ni láyé ìgbà yẹn. Lóde ijó tí wọ́n ti kọ́kọ́ ríra, ó sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ Elizabeth pé ẹwà ọmọ náà kò tó èyí tó lè fa òun mọ́ra. Ìfẹ́ padà wá mú un. Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wọlé tọ Elizabeth lọ níbi tó ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Charlotte. Ó jókòó, ó dìde, ó rìn káàkiri yàrá, ó wá tú u sílẹ̀: òun ti jìjàkadì, kò gbà, òun fẹ́ràn rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀gàn ìdílé ọmọ náà lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tó sì bí Elizabeth nínú ni pé ó hàn lójú ọkùnrin náà pé ó dá a lójú pé yóò gbà.

Kò gbà. Ó ní ká ní Darcy ti hùwà bí ọmọlúàbí ni, ìbá tilẹ̀ dun òun díẹ̀ láti kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọkùnrin náà lára. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ pé ó dá òun lóró, pé ó sì pẹ́ díẹ̀ kí òun tó lè gbà pé òótọ́ ni. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń kọ̀wé sí mi láti Ọ̀fà, láti Òmù-Àrán, láti ibi gbogbo, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn dì mú ni pé bí àwọn bá ti wọlé ọkọ, tí àwọn ń tọ́jú rẹ̀, ìwà rẹ̀ á rọ̀. Ká ní Elizabeth gbà ní oṣù kẹrin yẹn, ọkọ tí yóò máa rán an létí ibi tí òun ti ṣà á ni ì bá fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ, ẹ mọ irú rẹ̀.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé ó yí padà? Fara balẹ̀ síbí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Elizabeth bá arákùnrin ìyá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gardiner, àti ìyàwó rẹ̀ rìnrìn àjò. Wọ́n yà wo ilé Darcy torí wọ́n gbọ́ pé kò sí nílé. Obìnrin tó ń mójú tó ilé náà, tó ti mọ̀ ọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́rin, sọ fún wọn pé òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ líle lẹ́nu rẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe jáde síta báyìí, onílé fúnra rẹ̀ yọ! Ọ̀la ni wọ́n ń retí rẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, kò ráyè múra ìwà sílẹ̀. Oníṣòwò ni Gardiner yìí, ara àwọn ẹbí tí Darcy fi ń pẹ̀gàn Elizabeth ni. Darcy ní kí Elizabeth fi àwọn méjèèjì han òun. Elizabeth dárúkọ wọn, ó wá ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó bóyá yóò sá. Kò sá. Ó yí padà, ó bá wọn rìn, ó bá oníṣòwò sọ̀rọ̀, ó ní kó máa wá pẹja nínú odò òun bó ti wù ú, òun á yá a ní ohun èlò ìpẹja, ó tún ń fi ibi tí ẹja pọ̀ sí hàn án.

Lẹ́yìn èyí ni Lydia, àbúrò Elizabeth tó kéré jù, tí kò ju ọmọ ọdún 16 lọ, bá ọmọ ológun kan tó ń jẹ́ Wickham sá lọ, láìsí ìgbéyàwó. Ìtìjú tó lè ti ilẹ̀kùn ọkọ mọ́ gbogbo ọmọ ilé náà ni. Darcy wá wọn rí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó san gbèsè Wickham tó lé ní £1,000, ó fi £1,000 mìíràn lé ti Lydia, ó ra ipò fún Wickham nínú iṣẹ́ ológun, kó lè gbé ọmọ náà níyàwó. Ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Ká ní ẹnu Lydia kò já ni, Elizabeth kò ní mọ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin lè yí padà. Ohun tó bá ṣe níbi tí kò ti lérò pé yóò kàn ọ́ létí ni kí o fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó ń béèrè rẹ. Ìbéèrè kì í náni ní kọ́bọ̀. Dàda kò pamọ́. Ṣé ó ti fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ láti ìgbà náà? Ṣé ó ti dárúkọ ìyá rẹ nílé wọn, kó sì dá ẹni tó rẹ́rìn-ín dúró? Má sì gbàgbé pé Collins kò yí padà, Wickham kò yí padà, baba Elizabeth pàápàá, tó fẹ́ ìyàwó nítorí ẹwà, tó wá ń sá pamọ́ sáàárín ìwé rẹ̀, ó mọ ẹ̀bi ara rẹ̀, ó sì tún gbàgbé. Bóyá ni ẹlòmíràn wà lẹ́yìn Darcy nínú àwọn ọkùnrin inú ìwé yẹn. Jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kà wọ́n wò.

Ṣùgbọ́n o bi mí nípa ọkùnrin nìkan, o fo ti obìnrin. Àwọn ọmọ tó ń bú Darcy ò jẹ̀bi o. Ìwọ olùkọ́ ni mo fẹ́ mú. Lẹ́tà abala ìwé méjì tó kún dẹ́nu ni Darcy kọ fún Elizabeth ní ọjọ́ kejì tó kọ̀ ọ́, àpòòwé rẹ̀ pàápàá kún fún ọ̀rọ̀. Elizabeth kà á tìbínú-tìbínú, ó ká a, ó ní òun kò tún ní wò ó mọ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó tún ṣí i. Ìgbà yẹn ló wá bi ara rẹ̀ léèrè: Wickham tó ba Darcy jẹ́ létí òun, kí ló dé tó fi ń tú àṣírí ara rẹ̀ fún òun lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra? Wickham ní òun kò ní sá fún Darcy, kí ló dé tí kò yọjú sóde ijó tí Darcy wà? Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí Darcy kúrò nílùú ló tó tan ọ̀rọ̀ náà ká? Gbogbo rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Wickham ń pọ́n ọn lé, Darcy ti fojú di í, ìyẹn ló bò ó lójú. (Ìlọrin là ń kì ní ẹnudùnjuyọ̀, ṣùgbọ́n Wickham ì bá gba oyè náà lọ́wọ́ wa.)

Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó já jù sílẹ̀ fún ọ? Mo ka lẹ́tà rẹ lákàtúnkà, n kò rí i. Bó bá ṣe olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ tí kò fẹ́ràn ọkùnrin náà ni, tàbí ẹni tó ń dẹnu kọ ìwọ gan-an, ó yẹ kó hàn sí ọ. Tún ọ̀rọ̀ Wàsáápù yẹn kà. N kò ní kí o gbà á gbọ́ gbàgà. Darcy jàre ọ̀ràn Wickham, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ẹ̀sùn kejì tí Elizabeth fi kàn án: ó dá sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ Jane ẹ̀gbọ́n Elizabeth àti Bingley ọ̀rẹ́ Darcy títí wọ́n fi pínyà. Nítorí náà wádìí láti ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin náà. Àṣà wa ni, kò sí ẹni tí yóò bínú sí i.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, má bá wọn jà. Ẹni ọdún 27 ni Charlotte nígbà tó gba Collins, aláìgbọ́n ọkùnrin tí Elizabeth kọ̀ lọ́jọ́ bíi mélòó kan ṣáájú. Àwọn kan máa ń bú Charlotte, èmi kì í bú u. Kò lówó, kò níṣẹ́, ó fẹ́ ilé tirẹ̀. Ó tilẹ̀ yan yàrá ẹ̀yìnkùlé fún ara rẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ má baà máa fìgbà gbogbo wọlé wá bá a. Ọgbọ́n ni, àmọ́ ṣé irú ọgbọ́n tó wù ọ́ láti máa dá nìyẹn? Ìwọ ń gba owó oṣù. Austen fúnra rẹ̀ gba ọmọ olówó kan lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kejìlá ọdún 1802, ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò lọ́kọ títí ó fi kú. Má sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ o, wọ́n á ní àwọn ti wí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìwọ yóò ṣe kò pọ̀. Má tipasẹ̀ ọ̀rẹ́ rán iṣẹ́ kankan. Bí ọkùnrin náà bá tún fẹ́ rí ọ, kó má wá sí ilé ẹ̀kọ́, Dàda ni kó wá, lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ìyá rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ṣì kún fún amọ̀. Má ní kí wọ́n lọ ṣan ọwọ́. Kó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, kí o wo ibi tí ojú rẹ̀ máa lọ, sí ìyá rẹ ni tàbí sí aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bi í níbi tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan wà: lọ́jọ́ tí àwọn àgbà ilé wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ amọ̀, kí ló máa sọ? Ìyá-ńlá kan wà nínú ìwé náà, Lady Catherine, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá Darcy tàbí àbúrò rẹ̀, tó wá halẹ̀ mọ́ Elizabeth kó má fẹ́ ẹ. Irú wọn kò wọ́n nílé wa náà. Ìdáhùn tí kò bá ti ní orúkọ ìyá rẹ nínú, má gbà á.

Kọ̀wé sí mi padà. Kọ ohun tí àwọn ìyá rẹ sọ sínú rẹ̀, torí nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, n kò rí i pé o ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn.