Má tíì ra turbo: ìdáhùn mi fún àbúrò tó ra MX-5

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ti ra Mazda MX-5 ọdún 1999, onírùlé aṣọ, ẹ́ńjìnì 1.8, o fẹ́ gbé e lọ sá eré ní Brands Hatch, pápá eré ọkọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú oṣù kẹfà, pọ́ùn 2,000 ló sì wà lọ́wọ́ rẹ. O wá ń béèrè bóyá turbo, ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i sínú ẹ́ńjìnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀, ni kí o kọ́kọ́ fi sí i tàbí ṣọ́ọ̀kì tí yóò sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀. N óò dáhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni èmi náà rà, irú ìbéèrè yẹn gan-an ni mo béèrè. Ohun tí mo béèrè nìkan ni àwọn tí wọ́n dá mi lóhùn nígbà náà sọ fún mi. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí n kò mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè.

Pọ́ùn 1,600 ni mo kọ́kọ́ ná sí ara tèmi. Mo ra sàlẹ́ńsà kan tí ó ń dún bí gbẹ̀du, mo ra fílítà afẹ́fẹ́, mo sì ra ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí ènìyàn lè fi sọ ọkọ̀ kalẹ̀ bí ó bá ṣe wù ú. Nínú gbogbo owó yìí, kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó kan bíréèkì. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo ti gbé ọkọ̀ náà fún mẹkáníìkì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú ọkọ̀ eré, ó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì mi pé wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì. Ó tún fi kún un pé bíréèkì tí ọkọ̀ yìí bá wá láti ilé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo sanwó, mo dúpẹ́. Nígbà tí a wá fa ọ́ìlì náà jáde lẹ́yìn ìjàǹbá, ó dúdú bí omi agbo tí wọ́n ti ń sè láti ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ti pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì fún mi, n óò ṣí ìdérí rẹ̀ wò kí n tó fa owó yọ.

Snetterton ni ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀, pápá eré ọkọ̀ kan ní Norfolk. Pápá ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun ni ibẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí o bá ń lo ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní 300, ìyípo kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì mẹ́ta, ọ̀nà tààrà gbọọrọ kan sì wà nínú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bentley Straight. Kọ́ńà Brundle ló wà ní ìparí rẹ̀, ibẹ̀ ni o sì ti gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì tagbáratagbára. Ìyípo mẹ́rin àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi débi pé mò ń kọrin nínú akoto. Ní ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, pẹ́dàlì wọlẹ̀ díẹ̀ ju bí ó ti máa ń ṣe lọ kí ọkọ̀ tó gbọ́ràn, mo sì sọ fún ara mi pé ooru lásán ni. Ooru ni lóòótọ́. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, mo dé ìparí ọ̀nà tààrà náà, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì bá pẹ́dàlì lọ sílẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Mo gbé ẹsẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó dì mú díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo já gíà wálẹ̀, ẹ́ńjìnì figbe ta. Orí koríko ni mo ti bá ara mi. Òjò ti rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, koríko tútù kò sì ka bíréèkì sí. Ọkọ̀ náà yí po, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọlu àwọn táyà tí wọ́n tò sídìí ògiri. Èjìká mi dùn mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi jáde, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn, ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó là á yé mi ṣáájú ọjọ́ náà ni. Bíréèkì ń sọ eré di ooru, ooru náà sì ń gba ara páàdì dé inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ tí a kò dé. Ìwọ̀n tí a fi lélẹ̀ fún DOT 4, irú ọ́ìlì bíréèkì tí ó wọ́pọ̀, ni pé bí ó bá ṣì jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 230 lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa omi mu, 155 péré ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti hó, ó di afẹ́fẹ́ gbígbóná, afẹ́fẹ́ sì ṣeé fún pọ̀ ní ibi tí ọ́ìlì kò ti ṣeé fún pọ̀. Agbára ẹsẹ̀ rẹ á wá tán sórí afẹ́fẹ́ yẹn, kò ní dé ọ̀dọ̀ táyà. O lè fi ọdún mẹ́wàá wa ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ kí o má mọ̀, nítorí ìrìn ìgboro kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ra DOT 4 tí wọ́n ṣe fún eré, tàbí DOT 5.1, èyí tí ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 260 fún tuntun àti 180 fún èyí tó ti fa omi. Má jẹ́ kí orúkọ tàn ọ́ o: ọ̀tọ̀ ni DOT 5 lásán, sílíkónì ni, a kì í sì í pò ó mọ́ ìyókù. Ra páàdì tí ó lè gba ooru eré pẹ̀lú. Bí a ṣe ń pààrọ̀ wọn àti bí a ṣe ń yọ afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá bíréèkì, mẹkáníìkì gidi mọ̀ ọ́n, n kò ní fi ìyẹn fi àkókò rẹ ṣòfò. Ṣùgbọ́n fi ìyípo tó kẹ́yìn rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù, má sì fa bíréèkì ọwọ́ bí o bá ti páàkì tán.

Mo rò pé ìyà mi ti tán ní Snetterton, àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Mo ní ìwé adójútòfò fún ọkọ̀ náà, mo sì fi òtítọ́ inú pe ilé iṣẹ́ náà láti béèrè bóyá ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu mi ló kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ọmọbìnrin tí ó gbé fóònù ní kí n fi àwòrán ọkọ̀ ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, lẹ́tà dé. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ni pé àdéhùn ìgboro kò kan pápá eré, èyí sì wà nínú ìwé náà lóòótọ́, èmi ni n kò kà á. Ohun kejì ni pé wọ́n rí sàlẹ́ńsà àti ṣọ́ọ̀kì tí n kò sọ fún wọn nínú àwòrán, nítorí náà wọ́n fagi lé àdéhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò wáyé rí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ni. Àbúrò, ọ̀rọ̀ “mọ̀ọ́mọ̀” yìí burú ju ọkọ̀ tó fọ́ lọ. Gbogbo ilé iṣẹ́ adójútòfò tí o bá tún lọ bá ni yóò bi ọ́ bóyá wọ́n ti fagi lé àdéhùn rẹ rí, o kò sì gbọdọ̀ purọ́. Owó tí mò ń san lọ́dún fò láti pọ́ùn 640 sí 2,300, lórí ọkọ̀ ìyàwó mi tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà Norfolk.

Mo pè wọ́n, wọ́n fi orin sí mi létí. Mo kọ̀wé, wọ́n dá èsì padà pẹ̀lú orúkọ mi tí wọ́n kọ ní ìkọkúkọ. Ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dá mi lóhùn, kò sì sí ẹni tí ó ka ohun tí ẹni ìṣáájú kọ. Ọmọ ìjọ wa kan tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò ló là mí lójú pé òfin kan wà láti ọdún 2012 lórí ohun tí oníbàárà gbọ́dọ̀ sọ fún adójútòfò, pé òfin náà ya ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ṣe àìbìkítà, àti pé ilé iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó tún ní kí n kọ ẹ̀sùn sí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ná, kí n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí n kò bá sì gba èsì tí ó tẹ́ mi lọ́rùn, kí n gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àjọ tí ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ owó, láàárín oṣù mẹ́fà tí èsì ìkẹyìn bá dé. Kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ẹjọ́ wá. Oṣù mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ gbà. Wọn kò san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí wọ́n san, ṣùgbọ́n wọ́n yí “mọ̀ọ́mọ̀” padà sí “àìbìkítà”, wọ́n sì yọ ìfagilé náà kúrò ní orúkọ mi. Nítorí náà, kí o tó tú bóòtù kan lára ọkọ̀ rẹ, kọ̀wé sí adójútòfò rẹ, kì í ṣe fóònù, kí o sì tọ́jú èsì wọn. Fún ọjọ́ eré, ìyẹn ọjọ́ tí a ń sanwó láti wa ọkọ̀ ara wa ní pápá, adójútòfò ọlọ́jọ́ kan wà tí o lè rà lọ́tọ̀. Ka bóyá ó kan ohun ìní pápá, nítorí wọ́n lè ní kí o san owó irin ẹ̀bá ọ̀nà tí o bá bàjẹ́.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ ariwo. Ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti lé mi padà sílé lẹ́ẹ̀kan nítorí sàlẹ́ńsà gbẹ̀du yẹn. Wọ́n á ní kí o gbé iyára ẹ́ńjìnì dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ibi tí ó lè dé, wọ́n á gbé ẹ̀rọ sí ìdajì mítà sí ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ. Desíbẹ́ẹ̀lì 105 ni òdiwọ̀n ọjọ́ náà, tèmi jẹ́ 107. Ọ̀gbẹ́ni tí ó di ẹ̀rọ náà mú kò tilẹ̀ wò mí lójú. Ó kàn na ìka sí ẹnu ọ̀nà ni, owó tí mo san kò sì padà wá. Òdiwọ̀n pápá kan yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà kà á kí o tó sanwó, kí o sì mọ̀ pé bí o bá yọ kátálíìsì, ohun tí ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, kúrò, ọkọ̀ náà kò ní kọjá MOT mọ́, àyẹ̀wò ọdọọdún tí ń fi hàn pé ọkọ̀ yẹ ní ojú pópó.

Ẹ̀gbọ́n tí ó kọ ìdáhùn ṣáájú mi, ẹ má bínú, n kò gbà pẹ̀lú yín lórí bẹ́líìtì ìjókòó olókùn mẹ́rin tí ẹ ní kí ó rà. Nínú ọkọ̀ onírùlé aṣọ tí kò ní irin ààbò lẹ́yìn orí, bí ọkọ̀ bá dojú dé, bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ yóò mú ènìyàn dúró ṣánṣán kí ilẹ̀ lè bá orí rẹ̀. Irin ààbò ni kí ó kọ́kọ́ rà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣètò ọjọ́ eré kì í tilẹ̀ jẹ́ kí onírùlé aṣọ wọlé láìsí i.

Àbúrò, fi ọwọ́ kan abẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ níwájú táyà ẹ̀yìn bákan náà, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń jẹ ọkọ̀ yìí, tí wọ́n á sì fi ọ̀dà bò ó fún ẹni tó ń rà á.

Ní ti ìbéèrè rẹ gan-an: rárá, má ra turbo. Agbára ẹṣin bí 140 tí ó wà lára rẹ̀ tó fún ọkọ̀ tí kò wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ, pọ́ùn 2,000 kò sì lè parí iṣẹ́ turbo, ibi tí ooru yóò ti jáde ni yóò kàn fi kún un. Ṣọ́ọ̀kì dára, ṣùgbọ́n fi sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀, má sì sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ jù bí mo ti ṣe, tí ó fi ń jókòó lórí rọ́bà ìsàlẹ̀ ní gbogbo kọ́ńà. Bíréèkì, irin ààbò, táyà dáadáa mẹ́rin, aláíńmẹ́ǹtì (títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí ó dúró gún), kí o sì fi ìyókù gba olùkọ́ fún ogún ìṣẹ́jú ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọn máa ń wà ní pápá, o sì lè bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ kí o tó bọ́ sójú ọ̀nà. Wọn kì í fi aago díwọ̀n eré níbẹ̀, eré ìdíje kọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yà ọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé o fún un láyè, nítorí náà kò sí ẹni tí o fẹ́ fi turbo nà.

Kí o tó ra ohunkóhun lọ́la, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí o wo orí rédíétọ̀, ibi tí ó jẹ́ ike. Dúdú ni ó máa ń wà bí ó bá jẹ́ tuntun. Bí tìrẹ bá ti pọ́n bí ẹ̀kọ ọkà bàbà, tàbí tí ó ti ń ṣe àwọ̀ ewé, ó ti fẹ́ là nìyẹn, owó rẹ̀ sì ni kí o kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Ya fọ́tò rẹ̀ kí o gbé e síbí, n óò wò ó.