Èwo ló tóbi jù: erin ni àbí igi Amẹ́ríkà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Fọ́rẹ́sì. Ọmọ mi tó wà ní Kalifọ́níà fi fọ́tò igi kan tí wọ́n ń pè ní General Sherman ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kò sí erin tó tó o. Mo ní irọ́ ni, àjànàkú tó kọjá mo rí nǹkan fìrí! Ta ló jàre nínú wa? Ṣé igi náà sì lè hù lẹ́yìnkùlé mi?
Ìyá Tópẹ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Tópẹ́, ẹ má bínú, ọmọ yín ló jàre. Sẹ̀kúọ́yà ni igi yẹn, ìbátan páìnì, orí òkè Sierra Nevada ní Kalifọ́níà nìkan ló sì ti ń lalẹ̀ hù. Akọ erin ọ̀dàn tó dàgbà dáadáa máa ń wọn bíi tọ́ọ̀nù 6. Ìtì General Sherman nìkan, láìka ẹ̀ka mọ́ ọn, lé ní 1,200. Igba erin nìyẹn! Àràbà tó tóbi jù tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ kò tó ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní ti gíga, nǹkan bíi mítà 83 ni. Ilé Kòkó yín ṣì fi bíi mítà 20 jù ú lọ, ẹ fìyẹn tu ara yín nínú.

Ìbí wọn ló dùn mọ́ mi jù. Oṣù 22 ni erin fi ń lóyún, ọmọ tó bá bí á sì wọn bíi kílò 100. Kóró sẹ̀kúọ́yà ńkọ́? Bíi 200 ló máa para pọ̀ di gíráàmù 1. Erin tí ọdẹ ò bá pa, eyín ni yóò pa á: ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ló ń hu erìgì láyé rẹ̀. Bí ti ìkẹfà bá ti jẹ dé ìdí, lẹ́yìn 60 ọdún, oúnjẹ ò ṣeé rún mọ́. General Sherman ti lé ní 2,000 ọdún, ó ṣì ń sanra.

Iná tí erin ń sá fún ni sẹ̀kúọ́yà fi ń bímọ. Èèpo rẹ̀ lè nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Ooru á gbẹ èso rẹ̀, á là, kóró á bọ́ sórí eérú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ọ̀gá fọ́rẹ́sì ibẹ̀ fi ń pa gbogbo iná, títí igi gbígbẹ fi kún ìsàlẹ̀. Iná 2020 àti 2021 wá pa àgbà sẹ̀kúọ́yà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Ní 2021, fọ́ìlì ni wọ́n fi we ìdí General Sherman bí ẹni ń we mọ́ínmọ́ín.

Ti ẹ̀yìnkùlé yín: rárá o. Òjò dídì tó ń yọ́ ló ń fún un lómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òro ni kẹ́ ẹ gbìn. Erin igbó fẹ́ràn èso rẹ̀, ẹ̀yin á sì rí ààpọ̀n sè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri.