Sí arábìnrin tó ní ọ̀run ti di idẹ lórí òun

Arábìnrin mi, mo ka ìbéèrè yín ní àkàtúnkà. Ẹ ní láti ìgbà tí iṣẹ́ ti gbé yín wá sí Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ ti ń gbàdúrà, tí ẹ ń gbààwẹ̀, tí ẹ sì ń lọ sí ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ pé Ọlọ́run wà nítòsí bí ẹ ṣe máa ń mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ wà nílé-ẹ̀kọ́. Ẹ wá béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan ló fà á, àti bóyá kí ẹ tún fi kún ààwẹ̀ náà. Iléṣà níbí ni mo ń gbé, aṣọ ni mo ń rán, n kò sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì kankan. Ohun tí ojú mi ti rí ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Ní ti ẹ̀ṣẹ̀, bí ẹ bá mọ èyí tí ẹ dá, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀kankan, ẹ má ṣe wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri láti fi sọ́rùn ara yín.

Kí ènìyàn má mọ̀ ọ́n lára kì í ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run kò sí níbẹ̀. Jákọ́bù sùn ní Bẹ́tẹ́lì, ó fi òkúta ṣe ìrọ̀rí, ìgbà tí ó jí ni ó tó sọ pé, “Olúwa ń bẹ níhìn-ín yìí nítòótọ́, èmi kò sì mọ̀.” Kì í ṣe ìgbà tí ó mọ̀ ni Olúwa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ tún ka Sáàmù 88. Púpọ̀ nínú àwọn orin ẹkún inú ìwé náà ni ó máa ń yí padà sí ọpẹ́ kí wọ́n tó parí, ṣùgbọ́n òkùnkùn ni èyí parí sí. Síbẹ̀, láti ẹsẹ kìíní ni ẹni tí ó kọ ọ́ ti ń pe Ẹni tí kò dá a lóhùn náà ní “Ọlọ́run ìgbàlà mi”. Wọn kò yọ orin náà kúrò nínú Bíbélì, èmi sì dúpẹ́ pé wọn kò yọ ọ́, nítorí pé ọjọ́ kan wà tí kò sí orin mìíràn tí ẹnu mi lè kọ.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń lọ́. Èmi ni mo ń gbé e dìde, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń fún un lóúnjẹ kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ń gun òkè àdúrà, mo ń ṣe ìṣọ́ òru, mo ń ké títí ohùn mi fi há. Ẹ mọ̀ pé àwa Ìjẹ̀ṣà ni a ni òṣómàáló, àwọn oníṣòwò tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè títí owó yóò fi jáde. Irú àdúrà tí mo ń gbà nìyẹn: mo lóṣòó ti Ọlọ́run, mo ní n kò ní dìde àfi bí Ó bá san án. N kò kábàámọ̀ òru kankan nínú wọn, Jésù fúnra rẹ̀ ló fi opó tí kò jẹ́ kí adájọ́ sinmi ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ńṣe ni ó máa ń dà bí ẹni pé mo fi Ọlọ́run sílẹ̀ síbẹ̀, ó di Jímọ̀ tó ń bọ̀ kí a tó tún rí ara wa.

Ìyá àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa, tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, ni ó bi mí pé kí ni mo máa ń bá Ọlọ́run sọ nígbà tí mo bá ń wẹ ọkọ mi. Mo ní n kì í bá a sọ nǹkan kan, pé iṣẹ́ ni mo ń ṣe nígbà yẹn. Ó ní, “Ṣé Òun kì í wọ balùwẹ̀ ni?” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yíjú sí oníbàárà rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ kéékèèké. Bí a bá ń wọ aṣọ fún ẹni tí apá rẹ̀ rọ, apá tó rọ yẹn ni a kọ́kọ́ ń kì bọ aṣọ kí èyí tó le tó tẹ̀ lé e, bí mo bá ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, màá ní, “Olúwa, bá mi dì í mú.” Ní ṣọ́ọ̀bù, bí òwú bá já, ẹsẹ̀ mi á kúrò lórí pẹ́dàlì, ariwo máṣíìnì á rọlẹ̀, mo sì ní láti fojú wá ihò abẹ́rẹ́ kí n tó ki òwú bọ̀ ọ́ padà. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúpẹ́, tàbí kí n dárúkọ ẹni tó ni aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi níwájú Ọlọ́run. Òwú kì í pẹ́ já bí a bá ń rán léèsì onílẹ̀kẹ̀, nítorí náà àdúrà kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Nehemáyà gbé ife ọtí lọ síwájú ọba, ọba bi í ní ìbéèrè, ó gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run, ó sì dá ọba lóhùn. Àdúrà náà kò lè gùn ju ìmí kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí kìíní ìwé rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ti gbààwẹ̀, ó ti sunkún fún ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń fi kékeré lé ńlá dànù. Arákùnrin Lawrence náà wà, tí ó jẹ́ alásè nílé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì tí à ń pè ní Kámẹ́lì, ní Paris, tí ó sì kú ní ọdún 1691. Ó ní láàárín ariwo ilé ìdáná, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn òun balẹ̀ pẹ̀lú Ọlọ́run bí ìgbà tí òun bá kúnlẹ̀ fún Ara Olúwa. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti sọ apá yẹn. Èyí tí wọn kì í sọ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ó jìyà ọkàn fún bí ọdún mẹ́wàá kí ó tó rí ìsinmi yẹn.

Àwa tí a dàgbà ní Iléṣà, ìtàn ìsọjí ńlá tó kó èrò jọ ní Òkè-Oòyè níbí ní oṣù keje ọdún 1930 ni wọ́n fi wò wá dàgbà, ìyẹn ló jẹ́ kí etí wa máa wá ibi tí èrò gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ ni ìpè ti bá Joseph Ayọ̀ Babalọlá tí Ọlọ́run lò nínú ìsọjí náà. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà ni ó ń wà fún ìjọba ní ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ náà dákẹ́, ó ń tún un ṣe lọ́wọ́, ni ó bá gbọ́ ohùn tó pe orúkọ rẹ̀. N kò ní kí ẹ máa retí ohùn. Èmi kò gbọ́ ọ rí.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn kan wá bá mi pé kí n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi dúró kí Ọlọ́run lè rí ìgbàgbọ́ wa. N kò bínú sí wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá ìsọjí ni ó gba ẹ̀kọ́ Faith Tabernacle, ìjọ kan láti Amẹ́ríkà, pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ lo oògùn, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú ìlú yìí kan náà ni àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀. N kò dá oògùn náà dúró. Aísáyà tó mú ìlérí ìwòsàn wá fún Hesekáyà ni ó tún ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Mo máa ń kó oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi, a ó gbàdúrà lé e, á sì gbé e mì.

Bí owó oògùn kò bá pé, màá sọ ọ́ fún Ọlọ́run bó ṣe rí, iye tó kù gan-an, lẹ́yìn náà màá gé aṣọ oníbàárà tó bá kàn. Nígbà mìíràn owó á pé. Nígbà mìíràn kò ní pé, màá lọ yá. Ẹ ka Fílípì 4, ẹsẹ 6 àti 7 dáadáa: ó ní kí a má ṣe àníyàn, kí a fi ìbéèrè wa hàn, ṣùgbọ́n àlàáfíà tí yóò ṣọ́ ọkàn wa ni ó ṣèlérí rẹ̀ níbẹ̀, kò sọ pé ohun tí a béèrè yóò dé lọ́jọ́ náà. Àlàáfíà yẹn ni mo ti rí, kì í ṣe lójoojúmọ́. Ọkọ mi ń fi ọ̀pá rìn dé ẹ̀yìnkùlé báyìí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lè di ṣíbí mú.

Ní ti ààwẹ̀ tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi kún, bó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní fi kún un. Ẹ fi ìṣọ́ òru yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní àárọ̀, ẹ ka Sáàmù kan sókè, kí ọ̀rọ̀ onísáàmù lè jẹ́ tiyín lọ́jọ́ tí tiyín kò bá jáde. Kí ẹ wá mú iṣẹ́ kan tí ẹ kò lè ṣe kí ẹ má ṣe lóòjọ́, ìbáà jẹ́ abọ́ fífọ̀ tàbí dídúró de mọ́tò ní Lágeré, kí ẹ máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀, kì báà jẹ́ ìkùnsínú. Ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín fún àgbà kan nínú ìjọ yín, ẹni tí kì í tú àṣírí. Ẹ kò sì sọ irú iṣẹ́ tó gbé yín wá sí Ifẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún mi, a ó jọ wo ibi tí òwú ti máa ń já níbẹ̀.